Ẹ̀kọ́ 12: Olùkọ́ tí ó di olùṣọ́ àpò ìlú

Ẹ jẹ́ kí a kà á

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé 40 obìnrin láti oko Adja-Ouèrè dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ máa ta gàrí pa pọ̀ ní ọjà Ikpinlè. Ẹnì kọ̀ọ̀kan dá 500 fráǹ. Ta ni yóò tọ́jú owó náà? Wọ́n ní: "Ẹni tó mọ̀wé láàárín wa ni. Kó máa kọ ọ́ sílẹ̀."

Ìlú náà ń wá ẹni tó mọ ìṣirò láti ṣọ́ àpò rẹ̀. Ìtàn ọ̀kan nínú wọn nìyí.

Orúkọ rẹ̀ ni Nicéphore Soglo. Ọdún 1934 ni wọ́n bí i ní Lomé. Ó lọ sí ilẹ̀ Faransé, ó kọ́ ìmọ̀ òfin, ó sì kọ́ bí ìjọba ṣe ń gba owó àti bí ó ṣe ń ná an. Nígbà tí ó padà dé, ó di ayẹ̀wé owó wò fún ìjọba. Láàárín àwọn ọdún 1960, ó ṣe mínísítà fún ọ̀rọ̀ owó. Dahomey ni wọ́n ń pe ilẹ̀ wa nígbà yẹn. Ó tún kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ẹ̀kọ́ nípa owó. Láti 1979 sí 1986, ó ṣiṣẹ́ ní Báńkì Àgbáyé ní Amẹ́ríkà.

Ní 1988 àti 1989, ọ̀ràn dé bá ilẹ̀ Benin. Báńkì ìjọba mẹ́ta dẹnu kọlẹ̀. Wọ́n ti yá àwọn kan lówó, owó náà ò sì padà. Ẹni tó fi owó pamọ́ síbẹ̀ lọ gbà á, kò rí i gbà. Tíṣà àti nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ fún oṣù púpọ̀, wọn ò rí owó oṣù.

Ní oṣù kejì 1990, wọ́n ṣe ìpàdé ńlá gbogbo orílẹ̀-èdè ní Kútọnu. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yan Soglo láti darí ìjọba. Ní 1991, ará ìlú dìbò, ó di Ààrẹ. Owó oṣù bẹ̀rẹ̀ sí wọlé déédéé. Àwọn báńkì tuntun ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ara ń ni ọ̀pọ̀ ènìyàn. Iṣẹ́ ìjọba ṣọ̀wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́. Ní oṣù kìíní 1994, agbára owó sẹ́fà dínkù ní ìlàjì, ní ilẹ̀ wa àti ní gbogbo ilẹ̀ tó ń ná an. Fráǹ Faransé kan, tí a ń fi 50 fráǹ wa rà tẹ́lẹ̀, di 100. Òògùn òyìnbó gbówó lórí. Ní 1996, ará ìlú dìbò yan Mathieu Kérékou. Soglo gbé ipò sílẹ̀. Láti 2003 sí 2015, ó ṣe mẹ́ẹ̀rì Kútọnu.

Kí ni ìtàn yìí kọ́ wa? Ìmọ̀ ìṣirò dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹni tó ń ṣọ́ àpò gbọ́dọ̀ ṣí ìwé rẹ̀ fún àwọn tó lowó. Àwọn tó lowó náà gbọ́dọ̀ lè kà á. Bí a kò bá mọ̀wé, ta ni yóò bi í léèrè?

Bẹ́ẹ̀ ni ní kọmúnù Adja-Ouèrè. Owó tíkẹ́ẹ̀tì tí à ń san lọ́jà, owó wa ni. Ìpàdé ìgbìmọ̀ kọmúnù ṣí sílẹ̀ fún ará ìlú. Ẹ lọ jókòó, kí ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ ná an.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò

Owó tó wọlé: 40 × 500 = 20.000 fráǹ
Owó ọkọ̀: 6.000
Owó àpò gàrí: 3.500
Owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà: 1.000
Gbogbo owó tó jáde: 10.500
Owó tó kù: 9.500 fráǹ

Ìbéèrè

1. Iṣẹ́ wo ni Soglo ṣe kí ó tó di Ààrẹ?
2. Kí ló dé bá àwọn báńkì ní 1988 àti 1989?
3. Bí akápò ẹgbẹ́ bá ní 8.000 fráǹ ló kù, kí ni ẹ máa bi í?

Iṣẹ́ ilé

Ẹ kọ owó tó wọlé àti owó tó jáde nílé yín fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ kà á sókè fún àwọn ará ilé.