Ohun Tí Ó Mú Kí Ooru Ibì Kan Ju Ti Ibòmíràn Lọ

Oòrùn kan ṣoṣo ni ó ń ràn sí gbogbo ayé, síbẹ̀ ooru tí ó ń mú àwa ènìyàn kò dọ́gba. Ní oṣù Kìíní, nígbà tí ará Agége ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara ní ọ̀sán, ará Jọ́ọ̀sì a máa wá aṣọ tí ó nípọn bora ní òru, àwọn ènìyàn wa tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù a sì máa wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù. Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí?

Ìdáhùn tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ibi tí ó gbóná ni ó sún mọ́ oòrùn, ibi tí ó tutù ni ó sì jìnnà sí i. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní gan-an ni ayé máa ń sún mọ́ oòrùn jù lọ láàárín ọdún, àkókò náà sì jẹ́ ìgbà òtútù ní Lọ́ńdọ̀nù. Bákan náà, orí òkè ni Jọ́ọ̀sì wà, síbẹ̀ ó tutù ju Èkó tí ó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a wá ìdí mìíràn.

Ìdí kìíní ni ọ̀nà tí ìtànṣán oòrùn ń gbà balẹ̀. Bí o bá tan tọ́ọ̀ṣì sí ilẹ̀ ní ọ̀gangan, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò kó jọ sí ojú kan, yóò sì mọ́lẹ̀ kedere. Bí o bá dà á sí ẹ̀gbẹ́, ìmọ́lẹ̀ kan náà yóò tàn ká ilẹ̀ tí ó gbòòrò, yóò sì ṣe bàìbàì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti oòrùn. Ìkẹjà fi nǹkan bí dígírì 6 àti ààbọ̀ jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà òkè orí wa ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà. Lọ́ńdọ̀nù fi dígírì 51 àti ààbọ̀ jìnnà sí ìlà náà. Ayé kò sì dúró ṣánṣán bí ó ti ń yí oòrùn ká. Ó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ní oṣù Kejìlá, nígbà tí ìhà àríwá ayé bá kẹ̀yìn sí oòrùn, oòrùn ọ̀sán Lọ́ńdọ̀nù kì í fi púpọ̀ ju dígírì 15 lọ ga sókè, ìtànṣán rẹ̀ a sì fọ́nká.

Ìdí kejì ni gíga ilẹ̀. Ilẹ̀ ni oòrùn kọ́kọ́ ń mú gbóná. Ilẹ̀ ni ó sì ń fi ooru fún afẹ́fẹ́ tí ó wà lórí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ààrò ti ń mú ìkòkò gbóná láti ìsàlẹ̀. Bí a bá fi mítà 1,000 gòkè, ooru a dín ní nǹkan bí dígírì 6 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Jọ́ọ̀sì fi nǹkan bí mítà 1,200 ga ju ojú òkun lọ. Ìkẹjà kò tó mítà 100. Òkè Kilimanjaro ní Tanzania sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé ju Ìkẹjà lọ, ṣùgbọ́n nítorí pé ó ga tó mítà 5,895, yìnyín wà ní orí rẹ̀.

Ìdí kẹta ni òkun. Omi kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ lásán rìn ní etí òkun ní ọ̀sán yóò rí i pé iyanrìn ń jó òun lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n omi tutù. Afẹ́fẹ́ tí ó ń ti orí òkun fẹ́ wá a máa tu àwọn ará Erékùṣù Èkó lára. Ṣùgbọ́n kí ó tó rin nǹkan bí kìlómítà 20 dé Ìkẹjà, ilẹ̀ àti ilé ti gba púpọ̀ nínú ìtura rẹ̀. Ṣókótó, tí ó jìnnà réré sí òkun, kò ní irú ìtura bẹ́ẹ̀ rárá. Ní oṣù Kẹrin, ooru ọ̀sán ibẹ̀ a máa kọjá dígírì 40.

Ìdí kẹrin ni àwọsánmà àti afẹ́fẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ń kan ará Ìkẹjà ní àtàrí gangan: ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Síbẹ̀ ooru ìgbà méjèèjì kò dọ́gba, nítorí pé ní ìgbà kejì àwọsánmà òjò a máa bo ojú ọ̀run, a sì dá púpọ̀ nínú ìtànṣán padà. Ní ìgbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ a máa ti aṣálẹ̀ Sahara wá. Àwọsánmà kì í pọ̀, ooru ilẹ̀ a bọ́ lọ ní òru, òwúrọ̀ a sì tutù.

Ìdí karùn-ún ni ohun tí ó bo ilẹ̀. Ní ọdún 1901, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó gba Agége kọjá dé Ìbàdàn, oko ni ó pọ̀ ní àgbègbè yìí. J. K. Coker àti àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbin kòkó àti obì síbẹ̀, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní ọdún 1907. Igi a máa ṣíji bo ilẹ̀. Omi tí ó ń ti ara ewé jáde a sì máa kó ooru lọ, gẹ́gẹ́ bí òógùn ti ń tu ara. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1950, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn dá àgbègbè ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà. Díẹ̀díẹ̀ ni páànù, kọnkéré àti títì ọlọ́dà gba ipò igi. Àwọn nǹkan wọ̀nyí a máa mu ooru ní ọ̀sán, wọn a sì máa tú u jáde ní òru. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́, ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ sì ń fi tiwọn kún un. Òṣìṣẹ́ tí ó ti ṣe làálàá ní ọ̀sán kò rí oorun sùn ní òru. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà lábẹ́ páànù gbígbóná kò lè fi ọkàn sí ìwé.

Kí ni a lè ṣe? A kò lè gbé Ìkẹjà lọ sí ìhà Lọ́ńdọ̀nù, a kò lè gbé òkè Jọ́ọ̀sì wá sí Agége, a kò lè pe òkun súnmọ́ ilé, a kò sì lè pàṣẹ fún àwọsánmà. Ìdí karùn-ún nìkan ni ó wà ní ìkáwọ́ wa. Kì í ṣe pé kí a wó ilé iṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n a lè gbin igi sí etí títì àti sí ọgbà ilé ìwé, a sì lè fi ọ̀dà funfun kun òrùlé kí ó má baà mu ooru púpọ̀. Láti ọdún 2008 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ya ọjọ́ 14 oṣù Keje sọ́tọ̀ fún igi gbígbìn. Ọjọ́ kan kò tó. Igi tí a gbìn, tí a kò bomi rin, tí a kò sì ṣọ́, kì í pẹ́ kú. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ òkùnkùn, kó má dá òṣùpá lóró. Ẹni tí ó bá sì mọ iṣẹ́ oòrùn, kó má ṣe fi àdá lé igi tí ó ń ṣíji bò ó.

Ìbéèrè

1. Báwo ni a ṣe mọ̀ pé kì í ṣe jíjìnnà sí oòrùn ni ó ń mú òtútù wá sí Lọ́ńdọ̀nù?
2. Kí ni ó mú kí Jọ́ọ̀sì tutù ju Ìkẹjà lọ?
3. Ṣàlàyé ìdí tí ooru oṣù Kẹrin àti ti oṣù Kẹsàn-án kò fi dọ́gba ní Ìkẹjà.
4. Kọ àròkọ kúkúrú lórí ohun tí ẹ lè ṣe láti dín ooru kù ní ọgbà ilé ìwé yín.