Ẹ Yí Aṣọ Náà Wò

Bí ẹ bá gba Agbeni bọ́ sí Ògùnpa ní Ìbàdàn lọ́jọ́ tí ọjà kún, ẹ kíyè sí ọwọ́ àwọn tó ń raṣọ. Wọ́n á yí aṣọ náà, wọ́n á wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á fi àtàǹpàkò ra á, wọ́n á nà án sínú oòrùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó béèrè pé, "Èló ni ọ̀pá mẹ́fà?" Ibi tí wọ́n ti ṣe aṣọ kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè mọ́.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì kún ilẹ̀ yìí, ní nǹkan bí ọdún 1973 sókè, lẹ́ẹ̀sì ni aṣọ ọlọ́lá. Ìlú kékeré kan wà ní Austria tó ń jẹ́ Lustenau. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe púpọ̀ nínú èyí tí àwọn Yorùbá ń wọ̀ lọ sóde. Àwọn oníṣòwò wa máa ń wọ bàálù lọ bá wọn níbẹ̀. Ní Ìbàdàn, Gbági Àtijọ́, tí kò jìnnà sí Ògùnpa, ni ọjà aṣọ olówó ńlá, pàápàá òpópónà Lebanon. Ẹni tó bá wọ lẹ́ẹ̀sì bẹ́ẹ̀ dé òde, àga iwájú ni wọ́n ń fún un. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀.

Kí ló wá dé? Owó òkèèrè ni wọ́n fi ń ra lẹ́ẹ̀sì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, nǹkan bí náírà 460 ni dọ́là kan ní báǹkì. Nígbà tí ọdún 2024 fi ń parí, ó ti lé ní 1,500. Lẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń rà ní dọ́là 100, tó jẹ́ náírà 46,000 tẹ́lẹ̀, ti di 150,000, láìtíì ka owó ọkọ̀, owó ibodè àti èrè ẹni tó ń tà á. Aṣọ náà kò gùn sí i, kò sì dára sí i. Ẹni tó ń ra gàrí, tó tún ń san owó ilé ìwé, níbo ni yóò ti rí i?

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 1986, nígbà tí ìjọba Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé, náírà wó lulẹ̀, bọ́síkọ̀rọ̀, ìyẹn àlòkù aṣọ òkèèrè, sì gbilẹ̀. Ojú ń ti ẹlòmíràn láti rà á nígbà náà. Lónìí, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń ṣà á ní gbangba.

Ọ̀pọ̀ ló ń wọ bọ́síkọ̀rọ̀ tí kò mọ bó ṣe dé. Ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn máa ń kó aṣọ tí wọn ò wọ̀ mọ́ fún ẹgbẹ́ aláàánú. Èyí tí kò bá tà níbẹ̀, oníṣòwò á rà á, wọ́n á ṣà á ní ìsọ̀rí, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ di bélì, ó di inú ọkọ̀ ojú omi. Púpọ̀ rẹ̀ ń gúnlẹ̀ sí Kútọnu kó tó dọ́dọ̀ wa, nítorí òfin Nàìjíríà kò fàyè gba kíkó àlòkù aṣọ wọlé. Ẹni tó ra bélì kò lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àfi tó bá tú u. Ewu òwò náà nìyẹn. Oníbàárà àárọ̀ ló ń mú èyí tó dára jù, owó gidi ló sì ń san. Èyí tó kù á máa rẹlẹ̀ lówó, títí wọ́n á fi dà á sílẹ̀ pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ṣà.

Ànkárá náà kò yàtọ̀: èyí tí owó rẹ̀ kò wọ́n ni ọ̀pọ̀ ń rà. Vlisco, ilé iṣẹ́ Netherlands tó ti wà láti 1846, ṣì ń ṣe èyí tó wọ́n. Àmọ́ ti Ṣáínà, bíi Hitarget, ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìdí tí àwọn oníbàárà fi ń yí aṣọ wò nìyí: ànkárá tí wọ́n fi ìda ṣe, àwọ̀ iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń dọ́gba. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣá, ojú kan ni wọ́n tẹ̀. Ẹ tún fi aṣọ funfun tútù nu igun rẹ̀. Bí àwọ̀ bá ràn mọ́ aṣọ funfun náà, ẹ fi ànkárá náà sílẹ̀.

Ní tèmi, àwọn oníbàárà yìí gbọ́n. Lẹ́ẹ̀sì 150,000 tí a wọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, náírà 50,000 ni wíwọ̀ kan. Bí a bá ra ànkárá ní 15,000, tí a wọ̀ ọ́ nígbà 30, náírà 500 péré ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé owó náà ṣì ń lọ sókè òkun, nígbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ ńlá ti Kaduna, UNTL, ti ilẹ̀kùn ní 2007. Bí kàm̀pálà tí wọ́n pa láró ní Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo bá sún mọ́ owó ànkárá Ṣáínà, ẹ jọ̀ọ́, kàm̀pálà ni kí ẹ rà.

Nínú aṣọ ẹbí ni ìyípadà láti lẹ́ẹ̀sì sí ànkárá ti tu ènìyàn lára jù. Ọ̀pọ̀ olóde ti fi lẹ́ẹ̀sì sílẹ̀, ànkárá ni wọ́n ń kó. Àwọn kan tilẹ̀ ń yan àwọ̀ nìkan: ẹni tó lágbára á ra aṣọ, ẹni tí kò ní á ra gèlè tàbí fìlà, á sì bá wọn jókòó.