AGBO ILÉ KAN, OJÚLÉ PÚPỌ̀

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tí à ń pè ní agbo ilé. Ẹnu ọ̀nà kan ni gbogbo ènìyàn ń gbà wọlé, ṣùgbọ́n ojúlé tí ó wà nínú rẹ̀ lè tó mẹ́wàá tàbí ogún. Bí àlejò bá dé, ohun àkọ́kọ́ tí a óò bi í léèrè ni pé, "Ta ni ẹ ń wá?" Bí kò bá dárúkọ ẹnì kankan, ìrìn àjò rẹ̀ kò tíì parí, bí ó tilẹ̀ ti wọ inú agbo ilé. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí nígbà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú òpó ayélujára bá ń gbé inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo.

Ojú òpó ni àkójọ ìwé, àwòrán àti ohùn tí ènìyàn tàbí ẹgbẹ́ kan gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí aráyé lè rí i. Kì í gbé inú afẹ́fẹ́. Inú kọ̀ǹpútà ni ó ń gbé. Kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, tí ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, tí ó sì ń fi ohun tí a bá béèrè ránṣẹ́ sí wa, ni à ń pè ní sáfà. Èyí tí ó kọ́kọ́ wà ní ayé ni ti Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó gbé e kalẹ̀ ní ọdún 1990 ní CERN, ilé ìwádìí ìjìnlẹ̀ tí ó wà lẹ́bàá ìlú Geneva ní ilẹ̀ Switzerland. Ó fi yíǹkì pupa kọ ìkìlọ̀ mọ́ ọn lára pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á, nítorí pé sáfà ni. Ní ìgbà náà, ojú òpó kò tó nǹkan, ọ̀rọ̀ àyè kò sì tíì di ìṣòro.

Gbogbo sáfà tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ní nọ́ńbà tí a fi ń mọ ibi tí ó wà. Nígbà tí a bá tẹ orúkọ ojú òpó kan, kọ̀ǹpútà wa yóò kọ́kọ́ wádìí nọ́ńbà tí ó bá orúkọ náà mu, lẹ́yìn náà ni yóò kàn sí nọ́ńbà yẹn. Ní àtètèkọ́ṣe, ohun tí ó máa ń wí nígbà tí ó bá débẹ̀ kò ju pé, "Ẹ fún mi ní ojú-ìwé báyìí-báyìí." Kì í dárúkọ ojú òpó tí ó bá wá. Bí ojú òpó méjì bá wà ní nọ́ńbà kan náà, sáfà kò lè mọ èyí tí àlejò ń fẹ́. Nítorí náà, ojú òpó kọ̀ọ̀kan ní láti ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo nọ́ńbà tí ètò ìgbà náà lè mú wá kò tó 4,300,000,000 fún odindi ayé. Àyè náà kò ṣàì tán lóòótọ́: ní oṣù kejì ọdún 2011, wọ́n pín ìdì márùn-ún tí ó kẹ́yìn nínú àká àgbáyé fún àwọn àjọ márùn-ún tí ń pín nọ́ńbà káàkiri. AFRINIC ni ó gba ti ilẹ̀ Áfíríkà.

Ó dára tí a ti rí ọgbọ́n kan dá kí ọjọ́ náà tó dé. Ní ọdún 1997, wọ́n gbé òfin tuntun jáde fún èdè tí kọ̀ǹpútà fi ń bá sáfà sọ̀rọ̀, èyí tí à ń pè ní HTTP/1.1. Òfin náà pa á láṣẹ pé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìlà kan tí à ń pè ní Host, níbi tí àlejò yóò ti dárúkọ ojú òpó tí ó ń wá. Bí ìlà náà kò bá sí, kí sáfà dá ìbéèrè náà padà. Ìlà kan péré ni, ṣùgbọ́n ó yí ọ̀ràn padà pátápátá. Láti ìgbà náà, olùtọ́jú sáfà lè kọ orúkọ ọgọ́rùn-ún ojú òpó sínú ìwé ètò rẹ̀, kí ó sì kọ ibi tí ẹrù ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Nọ́ńbà kan ni gbogbo wọn ń lò, síbẹ̀ olúkúlùkù ń gba àlejò tirẹ̀. Bí Apache, ọ̀kan nínú àwọn ètò tí a fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò bá rí orúkọ tí àlejò dá nínú ìwé, ojúlé tí a kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ ni yóò gbà á. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè pe orúkọ kan, tí ilé ẹlòmíràn yóò sì ṣí sílẹ̀ fún un.

Ìṣòro kan tún kù. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdìdì di ọ̀rọ̀ kí olè má baà kà á lọ́nà, orúkọ náà wọ inú èdìdì pẹ̀lú. Sáfà sì ní láti fi ìwé ẹ̀rí ojú òpó hàn kí èdìdì tó lè ṣeé tú. Ìwé ẹ̀rí ti ta ni yóò mú jáde, nígbà tí kò tíì gbọ́ orúkọ? Ní ọdún 2003, wọ́n fi ètò kan lélẹ̀ tí ó jẹ́ kí àlejò dárúkọ nígbà ìkíni, kí wọ́n tó di èdìdì. Báyìí ni ìdè náà tú.

Àǹfààní àjọgbé yìí pọ̀. Ilé-ìwé kékeré, ìjọ, àti oníṣòwò tí kò lágbára láti ra sáfà lè san owó díẹ̀ fún ojúlé kan. Ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀. Bí èrò bá ya sí ojúlé kan, àwọn yòókù yóò máa falẹ̀. Bí sáfà bá kú, gbogbo wọn ni yóò dákẹ́. Bí ẹnì kan kò bá sì ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ dáadáa, olè lè gba ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò rẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Nítorí náà, olùtọ́jú tí ó gbọ́n a máa fi kọ́kọ́rọ́ ọ̀tọ̀ ti ojúlé kọ̀ọ̀kan, a máa fi ìwọ̀n sí ohun tí ẹnì kan lè lò, a sì máa tọ́jú ẹ̀dà ohun gbogbo sí ibòmíràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ilé òun tòrò kò gbọdọ̀ ṣe àìbìkítà sí ilé ẹnìkejì rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni ó mú kí ojú òpó kọ̀ọ̀kan ní láti ní nọ́ńbà tirẹ̀ ní àtètèkọ́ṣe?
2. Iṣẹ́ wo ni ìlà tí à ń pè ní Host ń ṣe?
3. Báwo ni èdìdì ṣe dá ìṣòro tuntun sílẹ̀, báwo ni wọ́n sì ṣe yanjú rẹ̀?
4. Kọ àròkọ lórí àǹfààní àti ewu tí ó wà nínú àjọgbé.