Ìsinmi ní Erékùṣù Etí Òkun: Ìmúrasílẹ̀ fún Ọ̀dọ́ Àkókó



Ẹ̀kọ́ wa ní oṣù yìí dá lórí ìsinmi ní etí òkun. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti rí àwòrán erékùṣù nínú kàlẹ́ńdà tàbí lórí fóònù: iyanrìn funfun, igi àgbọn, omi tí ó mọ́ bí dígí. Zanzibar àti Maldives ni wọ́n sábà máa ń yà. Mùsùlùmí ni ó pọ̀ jù ní méjèèjì. Kódà Ibn Battuta, arìnrìn-àjò nì, ṣe kádì ní Maldives ní nǹkan bí ọdún 1344, ó sì ròyìn pé gbogbo ipá tí òun sà kí àwọn obìnrin ibẹ̀ lè máa bo ara wọn ni kò so èso. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ òfuurufú dé ibẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ ilé ìwé tàbí ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ ní Ìkàrẹ́. Èyí tí ọwọ́ wa lè tó wà ní ìpínlẹ̀ Èkó: Tarkwa Bay ní ẹnu èbúté Èkó, àti Gberefu ní Àgbádárìgì.

Ẹlòmíràn lè bèèrè pé, ṣé ìpínlẹ̀ Oǹdó kò ní òkun tirẹ̀ ni? Ó ní in, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ṣùgbọ́n ìlú Ayétòrò tí wọ́n tẹ̀ dó níbẹ̀ ní 1947 ni òkun ti ń jẹ láti ọdún pípẹ́ wá, tí ilé ń wó sínú omi. Ní tèmi, kò bójú mu kí á lọ ṣe fàájì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí òkun ń lé kúrò nílé.

Ọmọ òkè ni wá. Àárín àpáta ni wọ́n bí wa sí ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, odò tí a sì mọ̀ kì í sábà kọjá orúnkún. Ọ̀pọ̀ wa kò mọ odò wẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí kò mọ odò wẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n nígbà tí ẹ bá ń yan ibi tí ẹ ó lọ, kì í ṣe ẹni tí ó láyà jù láàrin yín.

Tarkwa Bay ni mo yàn fún ẹni tí yóò wọ omi. Kò sí ọ̀nà mọ́tò tí ó dé ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni à ń wọ̀ láti Victoria Island tàbí CMS. Láti ọdún 1908 lọ, nígbà tí ìjọba amúnisìn ń la ẹnu òkun kí ọkọ̀ ńlá lè wọ Èkó, wọ́n to òkúta ràbàtà-ràbàtà wọnú òkun bí odi. Odi yìí ni ó ń gba ìgbì dúró kí ó tó dé Tarkwa, ìdí sì nìyí tí omi ibẹ̀ fi rọlẹ̀ ju ti etí òkun yòókù lọ. Odi kan náà ni ó dá iyanrìn dúró ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, tí kò jẹ́ kí ó lọ sí ìhà ìlà-oòrùn mọ́, ni òkun bá bẹ̀rẹ̀ sí jẹ Bar Beach. Bar Beach tí àwọn òbí wa máa ń ròyìn kò sí mọ́ lónìí. Ilẹ̀ tí wọ́n fi iyanrìn dí fún Eko Atlantic ti bò ó.

Ẹ rántí pé àwọn ènìyàn ń gbé Tarkwa. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn jáde, wọ́n ní nítorí àwọn tí ń jí epo nínú páìpù ni, ilé púpọ̀ sì wó. Bí ẹni tí ń yáni ní àtíbàbà níbẹ̀ bá dárúkọ owó, ẹ ná an bí ọmọlúàbí.

Ti Gberefu yàtọ̀. Láti Àgbádárìgì, a ó fi ọkọ̀ ré ọ̀sà kọjá, a ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lórí iyanrìn títí dé etí òkun. Ọ̀nà yìí ni wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀, ibi tí ọ̀nà náà parí sí ni wọ́n sì ń pè ní Ibi Àìpadàbọ̀. Kí á má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. Seriki Williams Abass, tí ilé tí wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí ṣì wà ní Àgbádárìgì fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó, Mùsùlùmí ni. Wọ́n ti ta òun náà lẹ́rú rí kí ó tó di oníṣòwò ẹrú; ọdún 1919 ni ó kú. Ẹ kọ́kọ́ wọ ilé náà kí ẹ tó ré ọ̀sà. Ṣùgbọ́n kò sí odi òkúta ní Gberefu, ojú agbami ló kọ sí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ omi kọjá kókósẹ̀ níbẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé omi tí ìgbì bá gbé wá sílẹ̀ gbọ́dọ̀ padà. Ó máa ń rí ojú ọ̀nà tóóró kan gbà láàrin ìgbì, a sì máa sáré níbẹ̀ bí odò. Ojú ibẹ̀ a máa dúdú díẹ̀, ìgbì kì í sì í fọ́ púpọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà ibẹ̀ gan-an ni àlejò yóò rò pé ó rọlẹ̀. Omi yìí kì í fa ènìyàn wọ ìsàlẹ̀. Ńṣe ni ó ń gbé e lọ sí agbami. Ohun tí ń pa ènìyàn ni pé ó ń bá a jà títí agbára rẹ̀ fi tán. Kí onítọ̀hún tẹ́ ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi kí ó léfòó, kí ó nawọ́ sókè, kí ó ké. Bí ó bá mọ odò wẹ̀, kí ó wẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí ó máa tọ etí òkun lọ, títí yóò fi bọ́ nínú rẹ̀, kí ó tó kọjú sí ilẹ̀. Ẹni tí ó wà lórí ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bẹ́ tẹ̀ lé e, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tí ó fẹ́ gba ènìyàn là ti bá a lọ. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé pa, tí a so okùn gígùn mọ́, ni kí ó jù sí i. Ẹ di méjì mọ́ ẹrù láti Ìkàrẹ́.

Ẹ̀yin arábìnrin, jilbab tí ó bá mu omi a máa wúwo gan-an, a sì máa wé mọ́ni lẹ́sẹ̀. Ẹni tí yóò wọ omi, kí ó wọ ṣòkòtò àti ẹ̀wù gígùn tí aṣọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí kò fi ara hàn, tí ó sì tètè ń gbẹ. Kí ó fi hijab kékeré wé orí dáadáa. Nínú ọkọ̀, láìfù-jákẹ́ẹ̀tì ni kí ó wà lókè aṣọ gbogbo, kì í ṣe abẹ́ jilbab. Kí ẹ di gbogbo ìdè rẹ̀. LASWA, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2008 láti máa bójú tó ọkọ̀ ojú omi, ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo èrò, wọ́n sì ka ìrìn òru léèwọ̀. Ọkọ̀ tí kò bá ní jákẹ́ẹ̀tì tó, ẹ jẹ́ kí ó lọ.

Àkókò tí ó dára ni láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, nítorí òkun a máa ru ju bẹ́ẹ̀ lọ lásìkò òjò. Ẹ wo kàlẹ́ńdà wa náà, torí Ramadan ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣíwájú lọ́dọọdún. Ẹ yẹra fún ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ọdún, nígbà tí ọtí àti ariwo máa ń gba gbogbo iyanrìn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú máa ń dákẹ́.

Ní ti ìrun, a ó dín Zuhr, Asr àti Isha kù sí rakah méjì-méjì. Ní mazhab Maliki, ẹni tí ó bá pinnu láti lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko níbì kan yóò kí wọn pé. Omi òkun tó ṣe àlùwàlá. Ní Gberefu, bí ẹ bá kọ ẹ̀yìn sí òkun, àríwá ni ẹ kọjú sí. Kí ẹ yí sí ọ̀tún ju ìlàjì ọ̀nà lọ díẹ̀ sí ìlà-oòrùn, ibẹ̀ ni Qiblah. Ẹ tẹ́ ẹní jìnnà sí omi, nítorí òkun ń kún, ó sì ń fà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìdáwó ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, lọ́wọ́ akápò kan, kí olúkúlùkù sì mú ìyọ̀ǹda òbí rẹ̀ wá. Ẹ ya owó ọkọ̀ àbọ̀ sọ́tọ̀ láti ilé. Ní ọjọ́ àbọ̀, ẹ kúrò ní Èkó ní kété tí ẹ bá kírun Subhi, kí ilẹ̀ má ṣú bá yín láàrin Ọ̀wọ̀ sí Àkùngbá. Kí amírù ka iye ènìyàn ní èbúté, kí ó sì tún un kà kí mọ́tò tó ṣí.