Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Jẹjẹrẹ Ọrùn Ilé-Ọmọ

Ìlera loògùn ọrọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ àìsàn ni a ó kọ́ lóṣù yìí.

Fáírọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n ń pè ní HPV. Ìbálòpọ̀ ló fi ń ràn. Harald zur Hausen, ará Jámánì, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2008 nítorí ó fi hàn pé òun ló ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ. Lára ọ̀pọ̀ obìnrin, ara a máa lé e jáde fúnra rẹ̀. Ibi tó bá ti jókòó pẹ́ ni wàhálà wà.

Sẹ́ẹ̀lì ara kọ̀ọ̀kan ló ní olùṣọ́ tó ń sọ fún un pé, "Ó tó, má pọ̀ mọ́." Fáírọ́ọ̀sì yìí a pa olùṣọ́ náà. Sẹ́ẹ̀lì a wá máa pọ̀ láìgbàṣẹ, bí ìgbà téèyàn ń yáwó ẹgbẹ́ tí kò sí akápò níbẹ̀. Èyí lè gba ọdún 15 sí 20 láìdun obìnrin náà rárá. Bó bá yá, a dé àpò ìtọ̀, a sì gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì ló ń rìn nígbà náà o, sẹ́ẹ̀lì tó ti bàjẹ́ ni.

Láti oṣù kẹwàá 2023 ni ìjọba Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà á. Ẹ̀yin ìyá, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò, bí nǹkan kan ò tilẹ̀ ṣe yín. Sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yíwà padà ṣeé mú kúrò. Èyí tó ti dé ẹ̀dọ̀fóró, apá kì í sábà ká a.