Ásímà Tó Dé Lẹ́yìn Ogójì Ọdún

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n bí àyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹni ọdún 55 ní Festac l'Ékòó, tí ikọ́ ń jí i lóru, tí àyà rẹ̀ ń súfèé bó bá gun àtẹ̀gùn, orúkọ ti délẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wo ilé: wọ́n á ní ọjọ́ orí ni, wọ́n á ní ọyẹ́ ni, wọ́n á ní ọwọ́ ayé ni. Ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ ásímà, nítorí wọ́n gbà pé àìsàn ọmọdé ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọdún, pàápàá lára àwọn obìnrin.

Ìwádìí tí àwọn dókítà ẹ̀dọ̀fóró ṣe káàkiri Nàìjíríà, tó jáde ní 2019, fi hàn pé bí ẹni 6 nínú 100 ló ní àmì ásímà, ṣùgbọ́n ẹni 2 tàbí 3 péré ni dókítà ti sọ fún. Ó dùn mí bí àwọn kan nínú àwọn yòókù bá gbára lé oògùn ikọ́ inú ìgò.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé ọ̀hún. Tírélà tó ń lọ sí èbúté Tin Can ń tú èéfín sí Mile 2 tọ̀sán-tòru. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn fèrèsé. Omi òjò rin ògiri títí ó fi bu. Iṣẹ́ ẹni náà ńkọ́? Ìyẹ̀fun ní ilé búrẹ́dì àti ọ̀dà tí wọ́n ń fọ́n sára mọ́tò lè dá ásímà sílẹ̀ lára ẹni tí kò ní in rí. Bí àyà bá ń tú nígbà ìsinmi, tó tún ń fún bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Kí ẹ sì kó gbogbo oògùn yín dání, títí kan èyí tí ẹ ń kán sójú: áspírín, ibuprofen, propranolol, àti timolol tí wọ́n ń fún olójú glaucoma lè mú kí àyà fún. Ẹ má dá wọn dúró fúnra yín o.

Ṣé gbogbo àyà tó ń súfèé ni ásímà? Rárá. Bí ẹsẹ̀ bá wú, tí ẹni náà kò sì lè sùn gbalaja, ó lè jẹ́ ọkàn ló ń ṣe é. Ikọ́ tó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tó ń múni rù, ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ ife. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fẹ́ èémí sí, kí wọ́n tó lo oògùn àti lẹ́yìn rẹ̀, ló ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Bí ọsibítù àdúgbò kò bá ní in, ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé fún yín lọ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ínhélà aláwọ̀ búlúù ń la ọ̀nà èémí fún wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í wo wíwú tó wà nínú rẹ̀. Láti 2019 ni àwọn onímọ̀ àgbáyé ti ní kí wọ́n má fi òun nìkan tọ́jú àgbàlagbà mọ́; aláìsàn gbọ́dọ̀ ní ínhélà tó ń mú wíwú rọlẹ̀. Ẹ máa lò ó bí dókítà ṣe wí, kódà bí ara bá yá, kí ẹ sì fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Kì í di bárakú. Owó rẹ̀ ga sókè gan-an lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ oògùn GSK kúrò ní Nàìjíríà ní 2023, nítorí náà ẹ bi apòògùn bóyá irú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ mìíràn wà.

Bí ẹni náà kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí, tí ètè rẹ̀ ń dú, tí ínhélà aláwọ̀ búlúù kò sì ràn án, ẹ jẹ́ kó jókòó ṣánṣán, kó máa fa ínhélà náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnìkan sì pe 767 tàbí 112. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 2 kì í yà fún aláìsàn, ẹ má dúró wò ó bóyá yóò rọ̀.