Náírà 75 Tó Dá Àríyànjiyàn Sílẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, bí ẹ bá gbọ́ tí àwọn gómìnà ń jiyàn lórí àtúntò Nàìjíríà, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí owó ti ń wá àti ẹni tí wọ́n ń kà á fún. Ẹ jẹ́ kí a fi VAT, owó orí tó ń gun ọjà, kọ́ ọ.

Ẹ wo oníṣòwò aṣọ kan ní ọjà Kantin Kwari, ní Kánò, tó ń fi fóònù pe àwọn oníbàárà rẹ̀ láti àárọ̀. Bí owó ìpè rẹ̀ bá jẹ́ náírà 1,000, VAT orí rẹ̀ á jẹ́ náírà 75. Kánò ló ti ná an. Ṣùgbọ́n bí olú ilé-iṣẹ́ fóònù náà bá wà ní Èkó, Èkó ni ètò àtijọ́ ń ka náírà 75 yẹn fún.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀. Nínú VAT tó kan àwọn ìpínlẹ̀ nígbà náà, wọ́n ń pín ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún dọ́gba, wọ́n ń fi iye ènìyàn pín 30, ìdá 20 sì ń lọ síbi tí owó ti wá. Àbá tí Ààrẹ Tinubu gbé lọ sílé aṣòfin ní 2024 fẹ́ sọ 20 yẹn di 60. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, àwọn gómìnà Àríwá ṣèpàdé ní Kàdúná, wọ́n ní àwọn ò gbà. Àwọn tó kọ àbá náà fèsì pé ibi tí a ti lo ọjà ni àwọn ń sọ, kì í ṣe ibi tí olú ilé-iṣẹ́ wà. Síbẹ̀, n kò dá àwọn gómìnà náà lẹ́bi. Ta ni yóò fọwọ́ sí ìṣirò tí kò tíì yé e?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, gbogbo gómìnà fẹnu kò: 50 dọ́gba, 30 fún ibi tí a ti lo ọjà, 20 fún iye ènìyàn. Òun ló wọ inú òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, 2026.

Ẹ má sì rò pé Àríwá nìkan ló ń ṣírò èrè. Nígbà tí kòkó Ìwọ̀-Oòrùn ń pawó, Awólọ́wọ̀, aṣáájú ẹkùn náà, àti ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹkùn tí owó ti wá gba tirẹ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1960 fún ẹkùn ní ìdá 50 nínú owó ohun àlùmọ́ọ́nì ilẹ̀ rẹ̀. Ní 1970, epo ẹkùn mìíràn ti di olówó, Awólọ́wọ̀ kan náà wà nídìí owó ìjọba àpapọ̀, ìjọba ológun sì dín 50 yẹn kù sí 45. Lẹ́yìn náà ó já wálẹ̀ gan-an, kí ìwé òfin 1999 tó ní kó má dín ní 13. Àwọn aṣojú gbogbo ẹkùn jókòó lé ọ̀rọ̀ yìí ní Àbújá ní 2014. Wọ́n tú ká láì fẹnu kò lórí iye tí yóò rọ́pò 13, òun náà ló sì wà nínú ìwé òfin títí dòní.